Mo fi framework márùn-ún kọ ìwé àjọ ìyá mi, èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́ tẹ̀ lé e rèé

Ìwé àjọ ìyá mi ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Alájọ ni wọ́n ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, wọ́n ń gba àjọ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn aláta, àwọn elélùbọ́, àwọn tó ń ta ẹ̀wà, gbogbo wọn á tó bí ọgọ́ta, káàdì kọ̀ọ̀kan ní ojú 31, tí o bá ti dá ti òní wọ́n á fi báírò sàmì sí i, tí oṣù bá parí wọ́n á kó owó ẹ fún ẹ, owó ọjọ́ kan á sì jẹ́ ti alájọ. Ẹni tó ń dá 500 náírà lójúmọ́, 15,500 ló máa dá fún ọjọ́ 31, 15,000 ló máa gbà. Àmọ́ lásìkò òjò ọdún tó kọjá omi wọnú báàgì wọn, ìwé ńlá tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀ rin gbingbin, odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi jókòó tá à ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti fi tún ìwé yẹn kọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n wò mí tí wọ́n ní, "Ìwọ tó o ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ṣé o ò lè bá mi gbé e sórí fóònù ni?"

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo dúró kẹ́ ẹ lè mọ irú ojú tí mo fi wo nǹkan. Mi ò ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ẹ̀gbọ́n kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Mọ́kọ́lá ló kọ́ mi ní HTML tí wọ́n fi ń to ojú-ìwé wẹ́bsáìtì, láti 2016 ni mo sì ti ń fi PHP lásán (èdè tó ń ṣiṣẹ́ lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́bsáìtì ń gbé) àti jQuery (kóòdù JavaScript tí wọ́n ti kọ sílẹ̀) ṣe wẹ́bsáìtì fún ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn oníṣòwò. Owó ń wọlé. Àmọ́ kóòdù yẹn, bí mo bá padà sídìí ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọjọ́ méjì ló máa ń gbà mí kí n tó rántí ibi tí mo fi nǹkan sí, ẹlòmíì ò sì lè bá mi ṣe é. Mo mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti kọ́ framework gidi, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ti tò sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ téèyàn á kàn máa kọ iṣẹ́ tiẹ̀ lé lórí, ọ̀rọ̀ èwo ló kù, torí tẹ́ ẹ bá béèrè láàárín àwa tá a ń kọ kóòdù, oníkálukú ló ń polówó ọjà tiẹ̀.

Ni mo bá ní màá fi ohun kan náà dán wọn wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: React, Vue àti Svelte tó jẹ́ ti JavaScript (èdè tó ń ṣiṣẹ́ nínú bráúsà), Django tó jẹ́ ti Python, àti Laravel tó jẹ́ ti PHP. Ìwé àjọ yẹn ni mo fi gbogbo wọn kọ, orúkọ èèyàn, iye tó ń dá, ojú 31, bọ́tìnì tí wọ́n máa tẹ̀ tí wọ́n bá gbowó, ìṣirò ìparí oṣù. Ó dà bí nǹkan kékeré o, àmọ́ gbogbo ohun tó ń yọ èèyàn lẹ́nu nínú iṣẹ́ yìí ló wà níbẹ̀, owó tí kò gbọ́dọ̀ ṣìnà, orúkọ Yorùbá tó ní àmì lórí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀.

React ni mo kọ́kọ́ gbé, torí ariwo ẹ̀ ló pọ̀ jù. Facebook ló gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 2013, Jordan Walke ló kọ ọ́ lọ́dọ̀ wọn. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé React fúnra ẹ̀ kì í ṣe odindi framework, ohun tó ń ya ojú-ìwé fún yín ni, bẹ́ ẹ ṣe máa ti ojú-ìwé kan bọ́ sí òmíì, ẹ̀yin lẹ máa wá a, bẹ́ ẹ ṣe máa mú nǹkan wá láti server, ẹ̀yin náà ni, ibi tẹ́ ẹ máa tọ́jú owó àti orúkọ sí ńkọ́, kò kàn án. Àmọ́ èrò tó wà nínú ẹ̀ dáa gan-an. Ìwọ ṣáà sọ bó ṣe yẹ kí nǹkan rí, tí wọ́n bá tẹ ojú kẹrìnlá nínú káàdì, àpapọ̀ owó tó wà nísàlẹ̀ á ti yí padà fúnra ẹ̀, o ò ní máa lé bọ́tìnì kiri pé ìwọ yí báyìí, ìwọ náà yí báyìí. Ọjọ́ tí èyí yé mi, inú mi dùn gan-an, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó ń kọ JavaScript lónìí tí kò yẹ kó mọ èrò yẹn, ibi yòówù kó ti kọ́ ọ.

Dátà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ o. Fódà node_modules yẹn, níbi tí kóòdù àwọn ẹlòmíì tí iṣẹ́ yín nílò máa ń dáńlóòdù sí, kẹ́ ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan ṣoṣo, ó ti kún, tẹ́ ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ míì lọ́la òmíì á tún kún. Ẹni tó ń lo wáyà ọ́fíìsì ò ní mọ̀ ọ́n lára, ẹni tó ń fi fóònù ṣe họ́tísípọ́ọ̀tù á mọ̀ ọ́n. Ohun kejì ni pé ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe fídíò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ lé e. React yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ padà ní 2019 nígbà tí hooks dé, Create React App tí ọ̀pọ̀ fídíò fi ń bẹ̀rẹ̀ sì rèé, àwọn tó ni ín fúnra wọn ti ní ká má lò ó mọ́ láti oṣù kejì 2025, Vite tàbí Next.js ni ká lò. Mo rí ọmọ kan ní àdúgbò wa tó ti fi oṣù méjì tẹ̀ lé fídíò àtijọ́, tó wá ń rò pé ọpọlọ òun ni kò jí pépé, bẹ́ẹ̀ fídíò yẹn ló ti gbó. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n tún kọ ní 2023, tó wà ní react.dev, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣe kedere, ó ní ibi tẹ́ ẹ ti lè dán nǹkan wò lójú ẹsẹ̀.

Vue ni mo gbé tẹ̀ lé e. Evan You ló kọ ọ́, ó ti fi AngularJS, framework JavaScript míì, ṣiṣẹ́ ní Google rí kó tó mú ibi tó wù ú nínú ẹ̀ kó fi ṣe tiẹ̀, 2014 ló gbé e síta. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé mo kàn fi ìlà script kan ṣoṣo sínú ojú-ìwé HTML tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, kò sí node_modules, kò sí ohun tí mo ní láti kọ́kọ́ dáńlóòdù. Ẹni tó ń ti jQuery bọ̀ bíi tèmi, Vue ló máa kọ́kọ́ dà bí ilé lójú ẹ̀, HTML ẹ̀ ṣì jọ HTML. Kẹ́ ẹ kàn ṣọ́ra fún Vue 2, wọ́n ti dáwọ́ ìtọ́jú ẹ̀ dúró nígbà tí 2023 parí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tutorial ló ṣì ń lò ó.

Svelte àti Django, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn papọ̀ torí nǹkan kan tó wú mi lórí. Lọ́dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ni àwọn méjèèjì ti wá. Rich Harris tó kọ Svelte ní 2016, The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ó ń ya àwọn àwòrán ìròyìn tó ń yí tó ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Django ní tiẹ̀, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World ní ìpínlẹ̀ Kansas l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, Adrian Holovaty àti Simon Willison ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2003, ó di ti gbogbo ayé ní 2005. Ìròyìn kì í dúró de èèyàn, tí olóòtú bá ní òun fẹ́ nǹkan kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ náà ni, ẹ̀yin náà á sì rí ìkánjú yẹn nínú báwọn méjèèjì ṣe rí, wọn ò fẹ́ fi àkókò yín ṣòfò.

Svelte kì í gbé ara ẹ̀ lọ sórí fóònù èèyàn bí React àti Vue ṣe ń ṣe, nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọ pọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù yín ló ti máa ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀, kóòdù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló máa dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Lórí fóònù kékeré tí ìyá mi ń lò, èyí tí mo fi Svelte kọ ló yára ṣí jù nínú àwọn mẹ́ta ti JavaScript. Mo gbádùn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ ní kíkọ, mo ń sọ òótọ́ ọkàn mi. Àmọ́ mi ò rí iṣẹ́ kankan n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó tí wọ́n ti bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n, nígbà tí Svelte 5 sì dé ní oṣù kẹwàá 2024, ọ̀nà ìkọ̀wé ẹ̀ yí padà, ohun tó wà nínú àwọn fídíò àtẹ̀yìnwá ò jọ ọ́ mọ́.

Django wá ni ọ̀gá níbi ká tètè rí nǹkan lójú. Ẹ̀yin kàn ṣàlàyé fún un pé èèyàn ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti iye tó ń dá, ó máa ya ibi tí ẹ ti lè fi orúkọ sí i, tẹ́ ẹ ti lè wá a, tẹ́ ẹ ti lè tún un ṣe, ẹ ò ní kọ ìlà HTML kankan. Ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi ti ń fi orúkọ àwọn aláta sínú ẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn yòókù tó ṣe irú ẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo lọ mú nǹkan míì kún un. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ̀ tún ṣeé dáńlóòdù lódindi, PDF wà, ePub wà, èyí ṣe pàtàkì sí mi torí mi ò tíì gbàgbé 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire tí gbogbo wa ní Nàìjíríà ń wo ojú-ìwé tí kò ṣí, tí iṣẹ́ oníbàárà sì wà nílẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń lo Django ní Áfíríkà ń péjọ náà, wọ́n ṣe DjangoCon Africa ní Zanzibar ní 2023, ẹ ò ní dá wà.

Ibi tí Django ti fún mi níṣòro ni ibi tó máa gbé. Hosting olówó pọ́ọ́kú tá à ń fi náírà san, PHP ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ wọn fún, Python níbẹ̀ dà bí àlejò. Ẹ lè gba server tiyín, àmọ́ dọ́là ni wọ́n ń kà á, káàdì náírà tí báńkì mi fún mi ò sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi san án. Fún ìwé àjọ ìyá mi, ta ló máa máa san dọ́là lóṣooṣù?

Ó wá ku Laravel. Taylor Otwell ló gbé e jáde ní 2011, PHP ni, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi fún un ní 4 nínú 5, tí mo sì fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí mò ń fi ọwọ́ kọ láti 2016 wá ló ti wà nínú ẹ̀, ìwọlé àti password, àyẹ̀wò fọ́ọ̀mù, ìméèlì, iṣẹ́ tó máa ń lọ lẹ́yìn láìdá oníbàárà dúró. Mo tẹ artisan, àṣẹ tó bá Laravel wá, ó ṣe fáìlì fún mi. Migration, ìyẹn àwọn fáìlì tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àtúnṣe tí mo bá ṣe sí database, ibi tí dátà ń gbé, ló jẹ́ kí n rí bí table kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí láti ọjọ́ kìíní, èyí nìkan ì bá ti gba iṣẹ́ kan tí mo pàdánù ní 2021 là. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó nípasẹ̀ Paystack, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, Prosper Otemuyiwa, ti kọ package Laravel sílẹ̀ fún un, ẹ ò nílò àtibẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó sì ń gbé lórí hosting tá à ń fi náírà san.

Kì í ṣe pé kò níbi tó kù sí. Lọ́dọọdún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, ọdún méjì péré ni wọ́n fi ń tọ́jú ààbò ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan fún oníbàárà tẹ́ ẹ sì gbàgbé ẹ̀, ó máa gbó. Laravel 12 ń béèrè PHP 8.2 ó kéré tán, hosting tí mo kọ́kọ́ lò ṣì wà lórí 7.4, mo ní láti kó lọ síbòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má da gbogbo fódà Laravel sínú public_html, ìyẹn fódà tí hosting máa ń ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Fódà public nìkan ló yẹ kí ayé rí. Fáìlì .env tó wà níta ẹ̀ ni password database yín wà, ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì ẹ̀ sórí bráúsà lè kà á tẹ́ ẹ bá ṣi nǹkan gbé. Mo ti rí i lórí wẹ́bsáìtì ilé-ìwé kan tí wọ́n ní kí n wá tún ṣe, orúkọ àti nọ́ńbà àwọn òbí wà níta gbangba. Ẹ sì pa APP_DEBUG, ètò tó ń fi àṣìṣe inú kóòdù yín hàn, kẹ́ ẹ tó gbé e síta.

Ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá wá kàn, torí mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Ẹ wo ẹ́ tó kẹ́yìn Rónkẹ́. Lójú wa lẹ́tà kan ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi strlen, àṣẹ tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó, kà á nínú PHP, 5 lẹ máa rí, JavaScript àti Python á ní 2 ni. Ìdí ni pé ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní nọ́ńbà tiẹ̀, àmì ohùn òkè sì ní tiẹ̀, strlen sì ń ka báìtì. Ohun tó tún wá burú ni pé kíbọ́ọ̀dù méjì lè kọ ọ́ lọ́nà méjì, lójú èèyàn ìkan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà ó yàtọ̀, bí Ìyá Rónkẹ́ ṣe di èèyàn méjì nínú Django mi nìyẹn, ọ̀kan dá ọjọ́ mọ́kànlá, èkejì dá mẹ́sàn-án. Python ní unicodedata tó ń sọ ọ́ di ọ̀kan, JavaScript ní normalize, PHP ní Normalizer tí hosting yín bá ti tan intl, àfikún PHP tó gbé e. Ẹ lò ó kẹ́ ẹ tó tọ́jú orúkọ èèyàn. Lórí MySQL, irú database kan, pẹ̀lú ètò tí Laravel ń bá wá, tí ìyá mi bá tẹ ronke lásán, Rónkẹ́ á jáde, èyí dùn mọ́ wọn torí wọn ò ráyè fi àmì sí nǹkan láàárín ọjà. Àmọ́ ètò yẹn náà ló máa ka Ọlá àti Ọ̀la sí ìkan náà, nítorí ẹ̀ nọ́ńbà fóònù ni mo fi ń dá èèyàn mọ̀, mi ò fi orúkọ ṣe é.

Nígbà tá a gbé e lọ sọ́jà, ohun tí mi ò rò ló ṣẹlẹ̀. Lábẹ́ òrùlé páànù yẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró. Ojú-ìwé Laravel tètè ṣí torí server ti ṣe é tán kó tó dé, ti React funfun báláú fún ìgbà díẹ̀ kó tó yọjú, àmọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ lẹ́yìn tó ṣí tán, ti React ṣì ń dáhùn, ti Laravel dúró gbọin. Ìyá mi tẹ bọ́tìnì, kò yí, wọ́n tún un tẹ̀, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, owó ọjọ́ kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó yanjú ẹ̀ ò sí nínú framework kankan. Mo sọ fún database pé èèyàn kan ò lè ní ju àmì kan lọ fún ọjọ́ kan, ó tán. Lẹ́yìn náà ni mo mú Vue, ìlà script kan yẹn, fi sójú-ìwé káàdì nìkan, kó máa tọ́jú ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sórí fóònù títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé. Laravel lẹ́yìn, Vue díẹ̀ níwájú, ohun tí ìyá mi ń lò lónìí nìyẹn.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá bi mí: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-ìwé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwòsàn kéékèèké níbí, kó kọ́ Laravel, owó ẹ̀ á tètè wọlé. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó máa ṣe látilé, React, kó sì fi Next.js kún un, torí òun ni mo rí jù nínú àwọn ìkéde iṣẹ́ tí mo ti kà. Ẹni tí Python ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, tó fẹ́ lọ sídìí data, Django ni, kó má wulẹ̀ lọ kọ́ èdè míì. Flutter wà fún ápù orí fóònù, mi ò tíì lò ó débi tí mo fi máa ṣèdájọ́ ẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè fi ọwọ́ kọ SQL, èdè tá a fi ń bá database sọ̀rọ̀, tó so table méjì pọ̀, kó fi gbogbo wọn sílẹ̀ fún oṣù kan ná, kó kọ́ ìyẹn. Ẹ sì rántí pé framework máa ń kọjá lọ, AngularJS náà ní ìgbà tiẹ̀, nígbà tí Angular 2 dé ní 2016 kóòdù àtijọ́ ò bá a mu, ìtọ́jú ẹ̀ sì parí pátápátá nígbà tí 2021 tán, àwọn tó mọ JavaScript fúnra ẹ̀ ló rí nǹkan gbé dání lọ síbòmíì.

Ìyá mi ṣì ń fún àwọn èèyàn wọn ní káàdì oníwèé o, wọ́n ní aláta ò ní gbà pé òun dájọ tí kò bá rí àmì báírò. Fóònù wá rọ́pò ìwé ńlá tí omi bà jẹ́ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní àwọn fẹ́ kó máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, kí ọmọ tó wà nílé náà lè mọ̀ pé màmá òun ti dá tòní. Queue inú Laravel, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn láìdá oníbàárà dúró, ni mò ń fi ṣe é lọ́wọ́.